Fún Wa Ní Ojú: Ìwúre Òwúrọ̀ fún Ọmọ Tí Ń Lọ Wo Yunifásítì

Ẹ bọ́ fìlà, ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ̀yin ìyá, ẹ borí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá lè dún, kó yáa pa á. Àdúrà tí mo fẹ́ gbà yìí gùn díẹ̀, ẹ má wo aago. Ọkọ̀ kò ní í fi wá sílẹ̀, ọkọ̀ tiwa ni.

Ọlọ́run Olódùmarè, Atóbijù, Ọba tó mọ òpin ọ̀rọ̀ kí ẹnu wa tó là, ìbà Rẹ. A jí ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìrẹ́mọ, a jí pẹ̀lú ara líle, ẹkún kọ́ ló jí wa. Mo dúpẹ́ tèmi, kí gbogbo ilé bá mi dúpẹ́. Ọmọ tí a jọ sọ lórúkọ nínú àgbàlá yìí, tí a jọ tọ́ oyin àti iyọ̀ rẹ̀ wò, ti ṣe WAEC, ó ti ṣe JAMB, kò sì dójú tì wá. Lónìí, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti èmi ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́ mú un lọ sí Ìkejì-Aràkejì, kí a lọ fi ojú ara wa wo Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí Ìjọ Aposteli Kristi, ìyẹn CAC, dá sílẹ̀. A kò dé ibẹ̀ rí. A kò tíì san kọ́bọ̀, a kò sì tíì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Wíwò la ń lọ wò ó.

Olúwa, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ Ọ́ fún. Fún wa ní ojú.

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì ṣe àmín. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n gbàdúrà pé kí wọ́n gba ọmọ wọlé. Ilé ìwé tí à ń fi owó tiwa san yóò gba ọmọ tó yege, tí òbí rẹ̀ sì ní owó lọ́wọ́. Ìyẹn kò nílò ààwẹ̀. Ohun tó nílò àdúrà ni kí àwa tí à ń lọ yìí rí ibẹ̀ bó ṣe rí, kì í ṣe bó ṣe wù wá kó rí.

Bàbá, Ìwọ lo rí Hánà lọ́jọ́ tó mú ọmọ rẹ̀ Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò. Ilé Rẹ ni Ṣílò. Orúkọ Rẹ ni wọ́n ń pè níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Síbẹ̀, inú ilé yẹn gan-an ni Hófínì àti Fíníhásì wà, àwọn ọmọ Élì, tí wọ́n ń rán ìránṣẹ́ pé kó fi àmúga yọ ẹran nínú ìkòkò àwọn tó wá rúbọ, tí wọ́n sì ń ba àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ jẹ́. Ojúbọ òrìṣà kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é o. Ilé Rẹ ni. Inú ilé kan náà sì ni Élì wà, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n tó mọ ohun tí ọmọdé yóò fi dáhùn bó bá gbọ́ ohùn Rẹ lóru. Nítorí náà mo bẹ̀ Ọ́, má jẹ́ kí orúkọ Rẹ tí wọ́n kọ sí ara géètì bò wá lójú. Kí a má rí àgbélébùú lórí òrùlé kí a wá di ojú. Kí a má gbọ́ orin ìyìn nínú ṣápẹ́ẹ̀lì kí a gbàgbé láti béèrè ẹni tí ń kọ́ni ní kíláàsì. Fi Élì hàn wá níbikíbi tó bá wà. Bí Hófínì bá wà níbẹ̀, fi òun náà hàn wá kí ọwọ́ wa tó wọ àpò. Síyẹn, ẹ ṣe àmín, kó dún.

Ọ̀nà wa nìyí, Olúwa. Láti Ifẹ̀, a ó gba Òṣú kọjá, a ó wọ Iléṣà, a ó dé Ìwàràjà, a ó yà sí ọ̀nà Àkúrẹ́, a ó kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kí a tó kan Ìkejì. Oko kòkó lọ́tùn-ún, igbó lósì, kòtò láàárín títì. Kí kòtò má fa taya wa ya. Kí bíréèkì ọkọ̀ agbégẹdú má já níwájú wa, kó má já lẹ́yìn wa. Àwọn tí ń ti inú igbó yọ láti jí ènìyàn gbé, kí wọ́n má rí wa, kí wọ́n má gbúròó wa, kí ọjọ́ tí àwa ń kọjá jẹ́ ọjọ́ tí ọwọ́ òfin yóò tẹ̀ wọ́n. Kí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà wo pátíkúlà ọkọ̀, kí wọ́n kí wa, kí wọ́n ní ká máa lọ. Àlọ wa á dára, àbọ̀ wa á dára, ẹni tó kù sílé kò ní í gbọ́ ìròyìn tí yóò mú un sáré jáde láìwọ bàtà.

Iléṣà tí a ó kọjá yẹn, Ìwọ náà mọ ohun tí O ṣe níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ènìyàn rọ́ lọ sí Òkè-Ooyè láti ọ̀nà jíjìn nítorí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ayọ̀ Babalọlá. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbi tí à ń lọ gan-an. Ọmọ Odò-Ọwá ni, wọ́n bí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1904. Kò kàwé jìnnà. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì wá gba iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ PWD, níbi tí wọ́n ti fi í sídìí rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí, rólà náà dákẹ́. Ó tún un títí, kò dáhùn. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn tó pè é lórúkọ, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó máa lọ wàásù. Agbègbè ibẹ̀ ni ìjọ rẹ̀ kọ́ yunifásítì sí, ìjọba sì fún un láṣẹ ní 2006.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, Bàbá, bí mo bá rò ó. Ọkùnrin tí kò fẹsẹ̀ kan yunifásítì rí ni yunifásítì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ ni O fi dá a dúró kó lè gbọ́. Nítorí náà, bí nǹkan bá kọṣẹ́ lọ́nà ọmọ yìí, bí ẹ̀kọ́ tó yàn kò bá bọ́ sí i, bí máàkì bá já wálẹ̀ ní ọdún kejì, má jẹ́ ká sáré máa lé àwọn ọ̀tá tí a kò rí. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́, ká tẹ́tí.

Ṣùgbọ́n kí ìtàn rólà má pa wá lójú dé. Ìtàn yẹn kò fa omi wọ hòsítẹ́ẹ̀lì. Ìtàn yẹn kò ra ẹ̀rọ sí yàrá àyẹ̀wò, kò sì san owó oṣù olùkọ́. Àwọn ènìyàn òní ló ń ṣe ìyẹn, tàbí tí kì í ṣe é, ojú sì la fi ń mọ̀.

Bí a bá dé, bùkún ẹni tí yóò pàdé wa ní géètì. Bùkún ẹni tí yóò mú wa káàkiri, tí yóò fún wa lómi tútù àti ìwé pẹlẹbẹ tó ń dán. A ó gbà á, a ó dúpẹ́. Àmọ́ fún ìyá ọmọ yìí ní ẹsẹ̀ tí yóò yà kúrò lẹ́yìn wọn. Kó wọ hòsítẹ́ẹ̀lì obìnrin, kó ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi kan, kó gbọ́ bóyá omi ni tàbí afẹ́fẹ́. Kó wo ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Kó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti inú, kó mọ̀ bóyá ó ń tì. Kó ka bẹ́ẹ̀dì tó wà ní yàrá kan. Kó béèrè ẹni tí ń ṣọ́ ilé náà lóru, àti ẹni tí ọmọ yóò pè bí ibà bá gbé e ní aago méjì òru, nígbà tí àwa wà ní Ifẹ̀ tí a ń hanrun.

Fún bàbá rẹ̀ ní ẹnu. Ọkùnrin yìí máa ń tijú níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, Olúwa, Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tú ahọ́n rẹ̀ lónìí. Kó béèrè ìwé NUC, àjọ tó ń yẹ yunifásítì wò. Kí wọ́n má fi ti gbogbo yunifásítì hàn án kó wá mi orí. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni NUC ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ òfin ni, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ òfin náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á kàwé tán, ọ̀nà Law School á dí. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Kó gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, kó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, kó wo ọdún tí wọ́n kọ sí i àti ọdún tí yóò parí. Kó tún béèrè bí ìgbaniwọlé ṣe ń lọ lórí ètò JAMB, nítorí ilé ìwé aládàáni náà wà lábẹ́ rẹ̀. Kó má sọ pé ọjọ́ mìíràn lòun yóò béèrè.

Èmi ní tèmi, mú mi dé láíbìrì. Kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ fa ìwé kan yọ lórí pẹpẹ, kí n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n yá a. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yá láti ọjọ́ tó ti dé máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń mú wa rìn kò lè sọ. Bó bá sì jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kàwé báyìí, nítorí ayé ti yí, kí n rí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì í, kí n rí i pé iná wà, kí n rí i pé ẹ̀kọ́ ló wà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Bàbá, mú wa pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò yàn fún wa. Kó jókòó sábẹ́ igi, tàbí kó dúró ti ìyá tí ń ta ìrẹsì. Fi ọ̀rọ̀ òtítọ́ sí i lẹ́nu. Kó sọ olùkọ́ tí ń wá sí kíláàsì àti èyí tí kì í wá. Kó sọ bóyá ẹnì kan wà tí ń béèrè ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kó tó fún un ní máàkì tirẹ̀. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ rí, kó sọ ohun tí àwọn aláṣẹ ṣe nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú wọn. Èyí ni mo fẹ́ gbọ́ jù. Kò sí ilé tí kò lè bí Hófínì. Élì gbọ́, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí lẹ́nu, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ wọn. Ìyẹn ló fọ́ Ṣílò. Ilé ìwé tó bá yọ ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò níṣẹ́ ní gbangba, mo lè fọkàn tán an ju èyí tó sọ fún mi pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí.

Wọ́n á ka òfin fún wa: ìsìn àárọ̀, irú aṣọ, ìwé àṣẹ kí ọmọ tó jáde nínú ọgbà. Jẹ́ ká gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù. Òfin tó ń dáàbò bo ọmọ, jẹ́ ká fara mọ́ ọn, kódà bí ọmọ bá ń fajú ro. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ìdí rẹ̀, jẹ́ kó kọ wá lóminú. Má jẹ́ kó jẹ́ ìbẹ̀rù ẹni tí ń ka orúkọ lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì ni yóò máa mú un wá síwájú Rẹ. Bó bá jáde níbẹ̀ tán, tí kò sí ẹni tí ń ka orúkọ mọ́, kó ṣì mọ ọ̀nà ilé Rẹ, kó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Àwọn ará àdúgbò ti ń bi wá léèrè, Olúwa. Wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ Ifẹ̀ fi ń lọ sí Ìkejì nígbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa. Ìbéèrè gidi ni, n kò fẹ́ fi àdúrà gbá a dànù. Láti 1967 tí wọ́n ti kó ilé ìwé yẹn láti Ìbàdàn wá sórí ilẹ̀ wa, ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa, ó ti fún wa níṣẹ́, bàbá ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ibẹ̀ ló ti kàwé jáde, kò sì sí ilé Ọlọ́run tó tó Oduduwa Hall í wò lójú rẹ̀ dòní. A kò bú u. Àmọ́ gbogbo wa la rí i nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta di oṣù Kejìlá 2020, tí àwọn yunifásítì ìjọba sì tún wà ní títì láti oṣù Kejì di oṣù Kẹwàá 2022, tí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn olùkọ́ ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ náà sì tọ́: bùkún wọn, kí ìjọba san ẹ̀tọ́ wọn kó má jẹ́ pé ìyanṣẹ́lódì nìkan ni èdè tí etí ìjọba gbọ́. Ṣùgbọ́n òbí tó ti rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní agbéraga nítorí pé ó ń wo ibòmíràn. Ọmọ Ifẹ̀ tó ti ilé lọ kì í ṣe tuntun. Ìta Ìjerò níhìn-ín la gbọ́ pé àwọn ọmọ Odùduwà ti forí korí kí oníkálukú wọn tó mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n.

A sì dúpẹ́ pé ọ̀nà ti pọ̀ sí i. Ní 1999 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún yunifásítì aládàáni láṣẹ, Babcock ti àwọn Adventist ní Ìlíṣàn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níbí, Bowen ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ìwó láti 2001, Redeemer's wà ní Ẹdẹ, ti Adeleke náà wà ní Ẹdẹ. Alhaja wa tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń ṣe àmín kíkankíkan jù wá lọ, ọmọ tirẹ̀ wà ní Fountain tí àwọn NASFAT dá sílẹ̀ ní Òṣogbo. Olúwa, tọ́jú òun náà. Kí ó jáde pẹ̀lú ọlá, kí a jọ jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ẹdẹ tí mo dárúkọ yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí kòrónà wọ Nàìjíríà, yàrá àyẹ̀wò kan ní Redeemer's, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, tú àṣírí kòkòrò àrùn náà, wọ́n ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò tíì sí ẹni tó ṣe é ní gbogbo Áfíríkà kí wọ́n tó ṣe é. Àwọn kan náà wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2014 pé Ebola ni àrìnrìn-àjò kan gbé wọ Èkó. Inú yunifásítì ìjọ ni wọ́n ti ṣe é. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé ẹnu tó kọrin ní ṣápẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí kò ní í gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àti pé iṣẹ́ ìsìn ni méjèèjì. Olúwa, bí a bá dé Ìkejì, fi irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ hàn wá, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ ọ̀dọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n fò ó, n kò ní í fò ó. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ láti 2024, ti ilé ìwé ìjọba ni, kò kàn wá. Nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni yóò gbé e, àti owó oṣù bàbá rẹ̀, àti oko kòkó wa lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó, àti àjọ tí àwa ìdílé ń dá. Bùkún ṣọ́ọ̀bù. Kí oníbàárà máa wọlé, kí wọ́n má máa ra àwìn. Bùkún kòkó: kó má dúdú lórí igi, kí òjò má pọ̀ jù ní ìgbà ìkórè, kí àwọn tí ń rà á má rẹ́ wa jẹ. Kí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì owó ka gbogbo rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti ẹ̀kọ́, ti hòsítẹ́ẹ̀lì, ti oúnjẹ, ti aṣọ, kí òmíràn má yọ lẹ́yìn wá bí èkúté ilé. Bó bá sì ju agbára wa lọ, fún wa ní ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa nínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń bọ̀. Kí a má torí ìtìjú tọrùn bọ gbèsè.

Ìyá ọmọ, sún mọ́ mi. O ti ń nu ojú láti àná, o rò pé n kò rí ọ. Gbọ́ èyí. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àfàlá. Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, wọ́n kó òun àti ọmọ rẹ̀ Àjàyí, wọ́n sì yà wọ́n. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí; àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà ní 1822 tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Fourah Bay ní 1827 láti máa kọ́ olùkọ́ àti oníwàásù, Àjàyí yẹn, Samuel Ajayi Crowther, ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn àkọ́kọ́. Kò sí ìyá tó bá a yẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Kò sí bàbá tó bá a béèrè ohunkóhun. Àfàlá kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láyé. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kí ìyá àti ọmọ tó tún fojú kanra. Ní 1848, ọmọ ṣe ìrìbọmi fún ìyá, Hánà sì ni orúkọ tí ìyá gbà.

Olúwa, a dúpẹ́ pé ìyá tiwa ń bá ọmọ rẹ̀ lọ. Wọn yóò jókòó ti ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀, wọn yóò jọ ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà ní Iléṣà, wọn yóò jà nítorí fèrèsé. Àǹfààní tí Àfàlá kò rí nìyí. Nu ojú rẹ, ìyá ọmọ. Ojú yẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún láti àárọ̀. Òun la fẹ́ fi wo ilé ìwé.

Ó kan ìwọ ọmọ wa. Kúnlẹ̀, kí gbogbo ilé nawọ́ sí ọ.

Orí rẹ á gbè ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ọ̀tún tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀, kí ilẹ̀ náà mọ̀ ọ́ sí ire. Ẹsẹ̀ òsì tó bá tẹ̀ lé e, kó bá ire lójúkò. Ibi tí wọ́n ti ń wá ọmọ gidi, kí ojú wọn já sí ọ. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, kí wọ́n má rí ọ. Ọ̀rẹ́ tí yóò jí ọ kàwé, kó bá ọ pín yàrá. Ọ̀rẹ́ tí yóò mú ọ gun ògiri lóru, kó rọ́nà gbà kúrò lọ́dọ̀ rẹ. O ò ní í ṣàìsàn ní ọjọ́ ìdánwò. A ò ní í pè ọ́ lórúkọ nínú ẹjọ́ tí o kò mọ ìdí rẹ̀. Ìwé tí o bá ṣí, kó yé ọ. Èyí tí kò bá yé ọ, kí o ní ìtìjú kékeré àti ìbéèrè púpọ̀. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí o mọ̀wé kí o má mọ ìwà.

Mo sì gbọ́ ohun tí o sọ fún ìyá rẹ nídìí iná lánàá. O ní òfin kọ́ ló wù ọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ lo fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ kò tíì gbọ́, tàbí ó gbọ́ tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo sọ ọ́ sínú àdúrà báyìí, nítorí mo mọ̀ pé kò lè já lu àdúrà. Wọ́n ń kọ́ni ní méjèèjì níbi tí à ń lọ. Wo méjèèjì dáadáa, bá olùkọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀, fọwọ́ kan erùpẹ̀ oko wọn bí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ kàn án. Ní Ṣílò, Élì kọ́ ló gbọ́ ohùn náà. Ọmọ ló gbọ́ ọ. Àgbàlagbà wulẹ̀ mọ bí a ṣe ń dáhùn ni. Olúwa, fún bàbá rẹ̀ ní etí Élì, má fún un ní ọwọ́ dídẹ̀ Élì. Fún èmi náà.

Bí o bá dé ibẹ̀ tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, ọmọ mi, sọ fún wa. A kò ní í bínú pé a jó epo lásán. Ìwó kò jìnnà, Ẹdẹ kò jìnnà, Awólọ́wọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọgbà. Bó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni, kí àmì rẹ̀ hàn sí wa láì sí àlá, kó hàn nínú omi tó yọ, nínú ìwé tó pé, nínú olùkọ́ tó wò ọ́ sójú tó béèrè ohun tí o mọ̀ kó tó béèrè orúkọ bàbá rẹ.

Bùkún àwọn tó kù sílé, Olúwa. Kí ìyá àgbà jẹun, kó má sọ pé òun á dúró dè wá. Bùkún ọkọ̀, bùkún ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Kí oorun má kùn ún, kí ìbínú má gun orí rẹ̀ bí ọlọ́kọ̀ mìíràn bá yà á sílẹ̀. Bùkún àwọn ọmọ ilé mìíràn tí wọn yóò wá wo ilé ìwé yẹn lónìí, tí owó wọn kò tó tiwa; ṣí ọ̀nà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún èyí tó bá tọ́ sí lára wọn. Mú wa lọ, mú wa dé, là wá lójú, kó wa bọ̀ sílé pé.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín. Àṣẹ. Alhaja, ẹ ṣé o.

Awakọ̀, ṣé o ti wo omi àti ọ́ìlì? Taya ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ó dára. Ọmọ, dìde, lọ gbé fáìlì rẹ lórí tábìlì, kí ìwé ẹ̀rí rẹ má ṣẹ́kù sílé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.